Òkúta Tìróò Inú Ilẹ̀ Enyigba

Kò sí ẹni tí ó dàgbà nílé Yorùbá tí kò mọ tìróò. Ìyá àgbà a máa lé e fún ọmọ tuntun, ìyàwó a máa lé e fún ẹwà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi ni kò mọ̀ pé òkúta tí a ń lọ̀ di tìróò wà nínú ilẹ̀ ní Enyigba, ní ìhà gúúsù Abakaliki, nítòsí wa níbí.

Galena ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pe òkúta náà. Òjé àti imí-ọjọ́ ni ó parapọ̀ di í. Bí ó bá mọ́ gaara, òjé inú 100 gíráàmù rẹ̀ lé ní 86 gíráàmù. Ó ń dán bí fàdákà, ó sì wúwo ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méje àti ààbọ̀. Bí a bá fi òòlù lù ú, wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin ni ó ń fọ́ sí, bí ṣúgà tí a ń jù sínú tíì.

Báwo ni ó ṣe dé ibẹ̀? Nígbà tí ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ń ya kúrò lára ara wọn, ilẹ̀ là, ó sì rì, láti gúúsù Nàìjíríà lọ sí ìhà ibi tí odò Benue ń gbà lónìí. Òkun ya wọ inú kòtò náà. Ẹrẹ̀ dúdú ń rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun yìí títí ó fi dì di àpáta pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Àpáta abẹ́ Enyigba ti ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ.

Nígbà tí ó yá, agbára abẹ́ ilẹ̀ fún àpáta náà pọ̀, ó ká, ó sì sán. Omi iyọ̀ tí ó gbóná ju omi híhó lọ fọ òjé àti síǹkì kúrò lára àpáta ìsàlẹ̀, ó gbé wọn gba ojú sísán wọ̀nyí. Níbi tí wọ́n ti pàdé imí-ọjọ́, tí ooru sì dín kù, ibẹ̀ ni wọ́n dì sí. Ìdí nìyí tí òkúta tìróò fi wà bí iṣan tóóró tí ó dúró lóòró, tí kò tẹ́ rẹrẹ bí èédú Enugu. Títí di òní, omi iyọ̀ ṣì ń sun ní Okposi àti Uburu, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀ láti ayébáyé.

Níwọ̀n ìgbà tí òjé bá wà nínú àpáta, kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni ó léwu. Ní 2010, ní Ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ ní àgbàlá ilé wọn. Ó ju 400 ọmọdé lọ tí ó kú. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá láti Nàìjíríà. Tìróò tí wọ́n ń lé fún un ni ó fà á. Òjé inú tìróò náà lé ní ìdá 82 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ a fọwọ́ ra ojú, a sì ti ọwọ́ náà bọ ẹnu. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ kan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe lé tìróò olókùúta fún ọmọ mọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní ibi ìwakùsà, kí ó wẹ̀, kí ó sì pààrọ̀ aṣọ kí ó tó gbé ọmọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a lọ òkúta nínú ilé. Àwọn àgbà ní a fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òjé tí ó bá wọ ara ọmọ lónìí, àtiyọ rẹ̀ lọ́la kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.