Kí Ló Dé Tí Wọ́n Ṣì Fẹ́ràn Ian Wright Tó Báyìí?

Ẹ̀yin òbí tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti dá ọmọ yín padà sílé, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ìtòsí ibí ni Ian Wright dàgbà sí, ní Honor Oak Estate. Ó lọ dánra wò ní Brighton, wọn ò gbà á. Ó ṣẹ̀wọ̀n nítorí owó ìtanràn ọkọ̀ tí kò san. Iṣẹ́ ọwọ́ ló ń ṣe, tó ń gbá bọ́ọ̀lù àdúgbò, kí Crystal Palace tó mú un ní 1985. Ó ti fẹ́ pé ọmọ ọdún 22 nígbà náà!

Ní 1990, ó wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ní àṣekágbá FA Cup, ó gbá góólù 2 sáwọ̀n Manchester United. Arsenal rà á ní 1991. Góólù 185 ló jẹ fún wọn. Thierry Henry nìkan ló ré e kọjá. Ó gbá bọ́ọ̀lù nígbà 33 fún England, ó jẹ góólù 9.

Ṣé góólù nìkan ni? Rárá o. Kò fi ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pamọ́, kò sì fi ìyà tí ọkọ ìyá rẹ̀ fi jẹ ẹ́ pamọ́. Títí dòní, ó ń dárúkọ Sydney Pigden, olùkọ́ tó dúró tì í ní kékeré.

Òótọ́ ni pé gbogbo ọmọ kọ́ ló máa di Wright. Ẹ jẹ́ kí tiyín kọ́ṣẹ́ mọ́ bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ bá ní kò tó, ẹ má bá wọn sọ ọ́ nílé. Pigden kan ṣoṣo lè tó ọmọ. Ó dìgbà o.