Ṣé O Mọ Ohun Tó Wà Nínú Òkìtì Ọsàn?

Dúró níbi àtẹ ìyá ọlọ́sàn yìí ní Sábó, Ìkòròdú. Wo ọwọ́ wọn! Ọsàn mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹyọ kan nínú kòtò àárín. Wọ́n ti tò ó tán.

Ìtò yìí mú àwọn onímọ̀ ìṣirò lómi fún ọdún 387!

Ṣé o mọ̀? Ní 1611 ni onímọ̀ ìṣirò Johannes Kepler ti sọ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè to nǹkan roboto tó dọ́gba tí yóò fún pọ̀ ju báyìí lọ. Ẹ̀rí dà? Ó di 1998 kí Thomas Hales, ará Amẹ́ríkà, tó gbé e jáde.

Èèyàn 12 ló yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ọdún gorí ọdún. Wọ́n ní ó dá àwọn lójú dé ìdá 99 nínú 100. Ó ku ẹyọ kan! Hales ò gbà o. Ní 2014, kọ̀ǹpútà yẹ gbogbo rẹ̀ wò délẹ̀délẹ̀. Òótọ́ ni.

Síbẹ̀, òkìtì tó fún jù lọ yẹn, ọsàn ò gbà ju bí ìdá 74 nínú 100 lọ. Afẹ́fẹ́ ló ni ìyókù. Bí o bá kàn dà á sínú apẹ̀rẹ̀ wuruwuru ńkọ́? Bí ìdá 64 péré!

Gbọ́ èyí ná, òun ló dùn mọ́ mi jù. Tẹ́ ọsàn sílẹ̀ ní 70 lọ́nà 70. 4,900 nìyẹn. Kó o, wá tò ó lókìtì: 24 lọ́nà 24 nísàlẹ̀, 23 lọ́nà 23 lórí ẹ̀, títí dé orí ẹyọ kan ṣoṣo. Kò ní ṣẹ́ kù, kò ní dín! Yàtọ̀ sí ọsàn kan ṣoṣo, kò sí iye mìíràn láyé yìí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1918 ni onímọ̀ ìṣirò G. N. Watson ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ó yá, ká kọjá sí Ẹ̀pẹ́, sọ́dọ̀ káfíńtà, ká wo àdìtú tí èèyàn ti ń kó igi wọ àpótí láìku àyè.

Bedlam Cube: igi 13, àpótí kan. Ọ̀nà 19,186 ló wà láti kó wọn wọ̀ ọ́, síbẹ̀ ó ń mú ẹni láàgùn.

Soma Cube: igi méje. Ọ̀nà 240.

Wàyí o, ní kí káfíńtà kan àpótí ínǹṣì mẹ́ta ní òró, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní gíga. Kó gé pákó mẹ́fà, ínǹṣì méjì lọ́nà méjì, kó nípọn ní ínǹṣì kan. Kó fi ẹyọ kéékèèké mẹ́ta kún un, ínǹṣì kan ní gbogbo ẹ̀gbẹ́. Igi mẹ́sàn-án péré! Ọ̀nà mélòó?

Ẹyọ kan! Àfi kí o to kéékèèké mẹ́ta yẹn láti igun ìsàlẹ̀, gba àárín gbùngbùn, dé igun òkè tó kọjú sí i.