Ẹ Má Kó Ọmọdé La Àgbàrá Kọjá

Bí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì bá dé, tí ilé-ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, òbí a máa kó ọmọ lọ kí ẹbí. Òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù náà, ọ̀pọ̀ a sì rò pé ewu ti kọjá. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè ní Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kan náà, ọdún 2011, omíyalé tún pa ènìyàn tí ó lé ní 100 ní ìlú náà.

Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́: bí òjò bá ká yín mọ́ òde, ẹ dúró síbi gíga títí yóò fi dá. Omi tí kò ju orúnkún lọ, bí ó bá ń ṣàn kíkankíkan, lè gbé àgbàlagbà ṣubú, áḿbọ̀sìbọ́sí ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹ má sì da pàǹtí sí ojú àgbàrá. Omi tí a dí lọ́nà, inú ilé ni í gbà. Ilé àna kò ní sá lọ. Ẹni tí ó pẹ́ dé, tí ó dé ní àlàáfíà, ẹ̀rín ni a ó fi pàdé rẹ̀.