Owó Wẹ́wẹ́ Inú Agolo, Kí Oníkòǹdẹ́mù Tó Dé

"Wọlé pẹ̀lú ṣénjì rẹ o! Kò sí ṣénjì o!" Igbe yìí ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa ń ké sí etí ará Ajégúnlẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, láti Boundary títí dé ẹnu ọ̀nà èbúté Tin Can. Bí èrò méjì bá fún kọ̀ńdọ́kítọ̀ ní owó ńlá, á so wọ́n pọ̀ bí ọkọ àti ìyàwó, á ki owó bébà kan bọ ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́, á ní kí wọ́n lọ ṣẹ́ ẹ láàárín ara wọn. Kò sí ẹni tí ó ń retí pé yóò ki ọwọ́ bọ àpò kí ó sì fa owó onírin yọ. Owó wẹ́wẹ́ ti kúrò lápò ará Èkó.

Ìdí nìyí tí eré kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn fi ṣòro láti ṣàlàyé fún ọmọ Ajégúnlẹ̀. Lọ́hùn-ún, ènìyàn á lọ sí báńkì, á fi owó bébà gba owó wẹ́wẹ́ tí wọ́n wé ní ìdì-ìdì: ẹyọ 50 nínú ìdì sẹ́ǹtì kan, ẹyọ 40 nínú ìdì sẹ́ǹtì 25. Nígbà tí ó bá délé, á tú u sórí tábìlì, á máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún tí wọ́n kọ sí i lára ni ó ń wá. Owó sẹ́ǹtì 10 tàbí 25 tí ó bá ṣíwájú 1965, fàdákà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí ó tẹ̀ lé e kò ní fàdákà rárá. Èyí tí kò bá wù ú, á dá a padà sí báńkì, kò sì pàdánù kọ́bọ̀ kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí ní Peckham, owó 50 pẹ́ńsì ọdún 2009 tí ó ní àwòrán ọgbà Kew lára ni àwọn olùwá ń fi ojú wá kiri, nítorí 210,000 péré ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìná.

Kì í ṣe pé owó wẹ́wẹ́ kò sí níbí rí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, tí náírà àti kọ́bọ̀ gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè, oríṣi márùn-ún ni ó jáde: ààbọ̀ kọ́bọ̀, kọ́bọ̀ 1, 5, 10 àti 25. Kòkó wà lára kọ́bọ̀ 5, igi ọ̀pẹ wà lára 10, ẹ̀pà wà lára 25. Ẹ̀rọ tí a fi ń wa epo rọ̀bì ni wọ́n yà sára kọ́bọ̀ 1. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé owó kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi epo sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1975, ni owó epo kó ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì jọ sójú òkun Èkó títí èbúté Apapa kò fi lè gbà wọ́n mọ́, tí ìjọba fi sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n sì ṣí i ní 1977. Lẹ́yìn 1986 ni iye náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ gan-an. Wọ́n tún owó wẹ́wẹ́ ṣe ní 1991, tí àwòrán Herbert Macaulay wà lára náírà 1. Wọ́n tún un ṣe ní 2007, wọ́n fi náírà 2 kún un. Ọjà kò gbà á. Ohun tí náírà 2 lè rà kò tó ìyọnu gbígbé e.

Bí ó ti wù kí ó rí, orúkọ àdúgbò yìí fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ owó. Ajé gúnlẹ̀: bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ń gúnlẹ̀ sí èbúté ni Ajé ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀, Ajé kan náà tí a fi ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ jì. Láti orí omi ni owó Yorùbá sì ti ń wá láti ìgbà láéláé. Owó ẹyọ, láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni àwọn oníṣòwò ti kó o wá. Ogójì ni a ń sín sórí okùn kan. Ẹgbàá jẹ́ àádọ́ta okùn, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ó dá ìgbìmọ̀ owó sílẹ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1912, ti mọ̀ ṣáájú ìgbà náà pé àwọn tí wọ́n ń ná owó ẹyọ fẹ́ràn ohun tí a lè sín. Nítorí náà ni pẹ́nì, eépìnnì àti ọ̀níní fi ní ihò láàárín, tí ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́fà sì yí ihò náà ká. Pẹ́nì yìí ni àwọn àgbà ń pè ní kọ́bọ̀ kí kọ́bọ̀ ti 1973 tó jogún orúkọ náà. Bí bàbá àgbà bá sọ pé kọ́bọ̀ ni òun fi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó yẹ kí ọmọ béèrè kọ́bọ̀ wo, nítorí 240 ti àtijọ́ ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan, nígbà tí pọ́n-ùn náà di náírà 2, ìyẹn 200 kọ́bọ̀ tuntun.

Inú agolo mílíìkì, inú kóló onígi, abẹ́ àpótí aṣọ: ibẹ̀ ni ìdì owó tiwa wà, kì í ṣe báńkì. Ẹni tí ó bá tú u sórí ẹní lè rí tọ́rọ́, sísì àti ṣílè níbẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ wo ọdún ara ṣílè. Àwọn tí wọ́n ṣe láti 1913 títí dé 1919, fàdákà ni. Láti 1920 ni fàdákà ti wọ́n, tí ìgbìmọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ṣílè fàdákà ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti yọ́ di ẹ̀gbà ọwọ́ àti yẹtí. Kí ó tún wo pẹ́nì oníhò tí ó ní 1936 lára. Bí ó bá rí EDWARDVS VIII níbẹ̀, orúkọ ọba tí kò pé ọdún kan lórí oyè kí ó tó fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ó dì mú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an, wọn kò fi owó Edward sí ọjà. Tiwa rọrùn láti ṣe nítorí kò sí orí ọba lára owó oníhò, orúkọ nìkan ni. Kò ṣọ̀wọ́n, owó rẹ̀ kò sì lè kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìtàn tí ó bá fi hàn kíláàsì kò ní nílò àlàyé púpọ̀. Lẹ́tà H kékeré lára àwọn kan ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ni wọ́n ti rọ ọ́. Nínú àwọn ti náírà, ààbọ̀ kọ́bọ̀ ni ó yẹ kí a pamọ́: ọdún 1973 nìkan ni ó wà lára rẹ̀.

Ẹni tí ó ń bá wa du àwọn agolo wọ̀nyí ni oníkòǹdẹ́mù. Ó ń ti ọmọlanke rẹ̀ kiri òpópónà, ìwọ̀n ni ó fi ń ra irin, ọdún ara owó kò sì kàn án. Nígbà tí àgbà bá papò dà tí àwọn ọmọ ń palẹ̀ yàrá mọ́, agolo owó àti ìkòkò tí ó ti lu ni wọ́n jọ ń bọ́ sórí òṣùwọ̀n kan náà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń ṣe inú rere: wọ́n á fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ṣílè títí yóò fi dán. Dídán náà ni ó ń bà á jẹ́, nítorí ojú owó ni wọ́n ń họ. Omi àti ọṣẹ díẹ̀ tó, kí a sì fi aṣọ rírọ̀ fà á gbẹ láìfi ra á.

Kí ọmọ tó da agolo sílẹ̀, kí ó kúnlẹ̀ bi ìyá àgbà léèrè. Ó lè jẹ́ owó ìdána rẹ̀ ni ó dì sínú àkísà kékeré ìsàlẹ̀ agolo náà, tí ó mọ iye rẹ̀, tí ó sì mọ ọwọ́ ẹni tí ó kà á fún un. Kí ọmọ fi ìyẹn sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó mú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ó máa kọ ohun tí ìyá ń sọ bí ó ti ń mú ìyókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tọ́rọ́, èyí sísì, èyí ni a fi ra iyọ̀ lọ́jọ́ tí a bí bàbá rẹ.