Ta ló ń tú àṣírí apààyàn? Ohun tí ìwé ìtàn kì í sọ tán

Bí ẹ bá ti ka ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí rí, ẹ ó mọ Lápàdé dáadáa. Ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò lè rí ìwà ọ̀daràn kó gbójú kúrò. Láti 1969 tí Àjà Ló Lẹrù ti jáde, tí Àgbàlagbà Akàn sì tẹ̀ lé e ní 1971, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ló ti torí Lápàdé ṣàìsùn. Kọ́lá Akínlàdé náà ò gbẹ́yìn. Ìwé rẹ̀, Owó Ẹ̀jẹ̀, wà lára èyí tí àwọn èèyàn ṣì ń rántí bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní èdè Yorùbá.

Irú ìwé báyìí ní bó ṣe sábà máa ń parí. Ọlọ́gbọ́n kan á wà tó ń rí ohun tí ẹlòmíì ò rí. Á kó gbogbo ọ̀rọ̀ jọ, á sì nawọ́ sí apààyàn lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń kàwé á mí kanlẹ̀, á pa iná, á sùn.

Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ńkọ́? Ṣé ọgbọ́n orí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo ló ń tú àṣírí? Ìwé méjì wà tó dá lórí ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà, èkejì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àwọn méjèèjì, ẹni tí kì í ṣe ọlọ́pàá, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, tó sì lọ sọ ọ́, ló ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́pàá.

Rédíò inú ọgbà ẹ̀wọ̀n

Lóru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1959, wọ́n pa àgbẹ̀ olówó kan, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì sínú ilé wọn ní Holcomb, abúlé kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Kansas. Owó tí àwọn apààyàn rí kó lọ kò tó 50 dọ́là. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Àwọn ará abúlé tí kì í tilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn pa, aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí aládùúgbò.

Ọlọ́pàá ò jókòó lásán. Wọ́n ya fọ́tò ilẹ̀ ibi tí wọ́n pa èèyàn sí, wọ́n sì rí ojú ẹsẹ̀ bàtà méjì níbẹ̀. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ojú lásán ò rí i, inú fọ́tò ló ti hàn. Ṣùgbọ́n bàtà ta ni? Ojú ẹsẹ̀ kì í sọ orúkọ ẹni tó ni ín.

Ẹlẹ́wọ̀n kan ló mọ̀. Ó ti ṣe alágbàṣe lóko àgbẹ̀ yẹn nígbà kan rí. Nígbà tó wà lẹ́wọ̀n, ó sọ fún Richard Hickock, tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan náà, pé olówó ni ọ̀gá òun àtijọ́, pé ó ní àpótí irin tó ń kówó sí nílé. Hickock ní bí òun bá jáde, òun á lọ jà á lólè, òun ò sì ní fi ẹnikẹ́ni tó lè jẹ́rìí sílẹ̀. Ẹlẹ́wọ̀n náà rò pé ẹnu lásán ni. Àfi lọ́jọ́ tó gbọ́ ìròyìn ìpànìyàn náà lórí rédíò.

Ẹ̀rù bà á. Ojú burúkú ni wọ́n fi ń wo ẹlẹ́wọ̀n tó bá ń gbé ọ̀rọ̀ lọ fún ọ̀gá ọgbà. Síbẹ̀, ó sọ ọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún náà, ọwọ́ tẹ Hickock àti Perry Smith ní Las Vegas. Bàtà tó bá ojú ẹsẹ̀ yẹn mu wà nínú ẹrù wọn. Ìgbà yẹn ni fọ́tò ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wúlò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1965, wọ́n yẹgi fún àwọn méjèèjì.

Ìwé náà máa ń bu iyọ̀ sí i

Truman Capote ló kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sínú ìwé rẹ̀, In Cold Blood, tó jáde ní 1966. Ó ní òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àmọ́ ìran tó fi parí ìwé náà, níbi tí olórí àwọn tó ń ṣèwádìí, Alvin Dewey, ti pàdé ọ̀rẹ́ ọmọ tí wọ́n pa ní itẹ́ òkú, kò ṣẹlẹ̀ rárá. Bákan náà, ìwé náà ní kété tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n yẹn dé etí ọlọ́pàá ni wọ́n ti bọ́ sọ́nà. Àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá tí ìwé ìròyìn Wall Street Journal gbé jáde ní 2013 fi hàn pé ọjọ́ márùn-ún kọjá kí wọ́n tó dé ilé àwọn òbí Hickock.

Torí náà, bí ìwé bá ní ìṣẹ̀lẹ̀ gidi lòun ń sọ, ẹ ṣì máa kà á tìṣọ́ratìṣọ́ra. Òǹkọ̀wé máa ń fẹ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jọ akọni, ó sì máa ń fẹ́ kí ìtàn parí síbi tó tuni lára. Ẹlẹ́wọ̀n tí ẹ̀rù ń bà, tó rò ó kó tó sọ̀rọ̀, kì í sábà wà lára èèpo ẹ̀yìn ìwé.

Ọmọ tó jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe

Ní 1983, wọ́n fipá bá ọmọbìnrin ọmọ ọdún 15 kan lò pọ̀, wọ́n sì pa á, ní abúlé Narborough nítòsí ìlú Leicester. Ní 1986, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ọdún 15 mìíràn ní Enderby, tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọlọ́pàá mú ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan. Ó jẹ́wọ́ pé òun lòun pa ẹnì kejì, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ti àkọ́kọ́.

Lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ẹni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣe é, kí la tún ń wá kiri? Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá gbà pé òun náà ló pa ti àkọ́kọ́, wọ́n sì fẹ́ ẹ̀rí. Ni wọ́n bá tọ Alec Jeffreys lọ ní Yunifásítì Leicester. Òun ló ṣàwárí ní 1984 bí èèyàn ṣe lè fi DNA dá ẹnìkan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíì. DNA ni àmì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti gbogbo ara, tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Kò sí ẹni méjì tí tiwọn bára mu délẹ̀délẹ̀, àfi ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo.

Èsì tó jáde ya ọlọ́pàá lẹ́nu. Ẹnì kan náà ló pa àwọn ọmọbìnrin méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ yìí. DNA tí gbogbo ayé wá mọ̀ mọ́ mímú ọ̀daràn, aláìṣẹ̀ ló kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ nínú ẹjọ́ ìpànìyàn. Kí ló lè mú kí èèyàn jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe? Ẹ̀rù, àárẹ̀, ọjọ́ orí, ìbéèrè tí kò dáwọ́ dúró, àti èrò pé bí òun bá ti gbà, wọ́n á jẹ́ kí òun lọ sinmi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1987, ọlọ́pàá ní kí àwọn ọkùnrin agbègbè náà wá fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nǹkan bí 5,000 ló wá. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí tirẹ̀ bá ti apààyàn mu. Gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n gbójú lé, pàbó.

Ilé ọtí ni àṣírí ti tú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, òṣìṣẹ́ ilé búrẹ́dì kan ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun lòun lọ fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórúkọ Colin Pitchfork, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà ò sì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó lọ bá ọlọ́pàá, àmọ́ ó lọ. Wọ́n mú Pitchfork ní oṣù Kẹsàn-án, àyẹ̀wò bá a mu wẹ́kú, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n gbére ní oṣù Kìíní 1988. Joseph Wambaugh kọ gbogbo rẹ̀ sínú The Blooding ní 1989. Òun náà, bíi Lápàdé, ọlọ́pàá tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ni, ní Los Angeles.

Ọmọ tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀

Bí ẹni tó mọ̀ ò bá wá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìyẹn náà ti ṣẹlẹ̀, ó sì kan ilé.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n rí òkú ọmọkùnrin kékeré kan nínú odò Thames ní London. Wọ́n ti gé orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́pàá pè é ní Adam, torí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fura pé àwọn tó ń fèèyàn ṣètùtù ló pa á.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ gbìyànjú gidigidi. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ ibi tí èèyàn ti ń jẹ, tó ti ń mu, máa ń wọ inú eegun rẹ̀. Wọ́n yẹ eegun ọmọ náà wò, wọ́n fi wé òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ láti ibi púpọ̀, èsì sì tọ́ka sí ilẹ̀ tó wà láàárín Ìbàdàn àti Benin. Ọlọ́pàá London wá sí Nàìjíríà. Nelson Mandela fẹnu ara rẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọmọ náà nílẹ̀ Áfíríkà pé kó jáde.

Títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ilé ẹjọ́ kankan ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú rẹ̀. Eegun ti sọ ibi tó ti wá, kò lè sọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Ẹnì kan wẹ̀ fún ọmọ yẹn rí, ẹnì kan bá a wọṣọ, ẹnì kan mú un rìnrìn àjò. Kò tíì sí ẹni tó sọ ohun tó fìdí múlẹ̀ nínú wọn.

Kí ló kàn yín níbẹ̀?

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí yàrá àyẹ̀wò DNA ní 2017. Àwọn jàǹdùkú bà á jẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2020, lásìkò rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìwọ́de EndSARS. Ọ̀pọ̀ ìlú ò tiẹ̀ ní irú rẹ̀ rí. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ṣọ̀wọ́n, ẹnu ẹni tó rí i àti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọn ò tíì bà jẹ́ ló kù.

Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró ni ẹ̀rù pé bí àwọn bá sọ̀rọ̀, àwọn náà á wọ gàù. Ẹ̀rù yẹn ní ìdí, ṣùgbọ́n ó dáa kéèyàn mọ ohun tí òfin wí. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, tó jáde ní 2015, ní ọlọ́pàá ò gbọdọ̀ mú ẹlòmíì dípò afurasí. Ó fàyè gba afurasí láti sọ tẹnu rẹ̀ lójú agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá yàn, ó sì ní wọ́n lè ká ìjẹ́wọ́ sórí fídíò. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà ní òfin tiwọn tó jọ ọ́. Òfin ẹ̀rí ti 2011 sì ní ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fìyà gbà lẹ́nu èèyàn kò gbọdọ̀ wúlò nílé ẹjọ́.

Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yín:

- Bí ẹ̀mí bá ṣì wà lára ẹni náà, ẹ kọ́kọ́ wá bí ẹ ṣe máa dóòlà rẹ̀. Bó bá ti kú, ẹ má fọwọ́ kan òkú, ẹ má gbálẹ̀, ẹ má fomi fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí èrò tẹ ibẹ̀.
- Ẹ pe 112, tàbí kí ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú agbẹjọ́rò tàbí àgbàlagbà tí ẹ fọkàn tán.
- Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ kíá: aago, nọ́ńbà ọkọ̀, aṣọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́. Ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ sọ pé ẹnu ẹlòmíì lẹ ti gbọ́ ọ.
- Ẹ má gbé fọ́tò òkú sórí Facebook tàbí WhatsApp. Ẹbí rẹ̀ lè máà tíì gbọ́.
- Ẹ má dájọ́ lójú títì. Ká ní àwọn ará Enderby ti gbé táyà kọ́ ọmọ ọdún 17 yẹn lọ́rùn ni, aláìṣẹ̀ ni wọn ì bá sun, Pitchfork ì bá sì máa rìn kiri.

Bí ẹ bá tún gbé ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, ẹ gbádùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ máa wo ẹni kékeré tó wọlé lójú ewé kan, tó sọ gbólóhùn kan, tó sì jáde. Ìròyìn orí rédíò lásán ni ẹlẹ́wọ̀n Kansas yẹn gbọ́. Ká ní ó pa á mọ́ra, fọ́tò ojú ẹsẹ̀ bàtà méjì yẹn ì bá ṣì wà nínú fáìlì di òní.