Ooru Àìtọ́jọ́: Ìrànlọ́wọ́ fún Àwọn Obìnrin Tí Ó Bọ́ Lọ́wọ́ Jẹjẹrẹ Ọmú

Ẹ̀yin ará, ọ̀ràn tí a mú wá síwájú yín yìí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń fi ṣe àṣírí. Ní nǹkan bí ẹni 50 ọdún ni nǹkan oṣù obìnrin a máa dá. Ṣùgbọ́n obìnrin ẹni ọdún 35 tí a tọ́jú fún jẹjẹrẹ ọmú lè bá ìyípadà náà pàdé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Kí ni ìdí rẹ̀? Oògùn líle tí ń pa jẹjẹrẹ a máa ba ilé ẹyin obìnrin jẹ́. Oògùn mìíràn, bíi tamoxifen, a sì máa dènà họ́mónù tí ń bọ́ irú jẹjẹrẹ kan. Nígbà náà ni ooru òjijì yóò gun àyà àti ojú, òógùn yóò rin aṣọ lóru, oorun yóò sì jìnnà.

Ẹ kíyèsí ewu tí ó wà nínú rẹ̀. Ọdún 5 sí 10 ni a ń lo tamoxifen. Ẹni tí ooru náà sú lè pa á tì láìsọ fún dókítà. Ohun tí ń ṣọ́ ẹ̀mí rẹ̀ ni ó pa tì yẹn! Bẹ́ẹ̀ ni kí ó má ṣe sáré ra oògùn họ́mónù. Ní ilẹ̀ Sweden, a dá ìwádìí kan tí a ń pè ní HABITS dúró ní ọdún 2003, nítorí pé jẹjẹrẹ padà sára àwọn tí ń lo họ́mónù ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Níhìn-ín ni àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ti wúlò. Bí ilé ìwòsàn bá ń béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé, “Ẹ̀ẹ̀melòó ni ooru mú yín lánàá? Ǹjẹ́ ẹ ń lo oògùn yín?” ẹni tí ojú ń tì láti sọ ọ́ lẹ́nu lè dáhùn ní ìkọ̀kọ̀, nọ́ọ̀sì yóò sì mọ ẹni tí ó yẹ kí a tètè pè. A tún lè fi rán obìnrin létí láti mí jẹ́jẹ́ nígbà tí ooru bá dé. Ìwádìí MENOS1, tí a tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 2012, fi hàn pé kíkọ́ni láti tún èrò àti ìṣe ṣe a máa mú kí ìyọnu ooru náà fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe dókítà. Òun ni kí ó yan oògùn, nítorí pé paroxetine, tí a fi ń dín ooru kù, lè sọ agbára tamoxifen di aláìtó. Fóònù tí gbogbo ilé ń lò kò sì ní àṣírí.

Nítorí náà, ẹ gba àwọn arábìnrin wa níyànjú láti sọ ọ́. Ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ a bá a dákẹ́.