Kí ẹ tó tẹ̀ka sí ìwé iṣẹ́: ohun tí òfin ọdún 2017 yí padà

  

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ oṣù la mú wá lónìí. Ẹnìkan lè sọ pé: "Àgbẹ̀ ni wá, kí ló kàn wá nínú iṣẹ́ oṣù?" Ó kàn yín o. Ìjọba Benin ti fòfin dè é pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2024, kí ẹnikẹ́ni má kó kajú tí wọn kò tíì fọ́ jáde kúrò nílùú mọ́. Ilé-iṣẹ́ ni kó máa fọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun wà ní Glo-Djigbé, àwọn ọmọ tó ń bá yín ṣa kajú lánàá ló sì ń lọ wá iṣẹ́ síbẹ̀. Bí wọ́n bá débẹ̀, ìwé ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú wọn.

Ìyá kan pè wá lórí fóònù nítorí irú ìwé bẹ́ẹ̀. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ibi iṣẹ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe iṣẹ́ níbì kan fún ọdún márùn-ún. Lọ́dọọdún, wọ́n á fún un ní ìwé tuntun, á fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìwé karùn-ún parí, wọ́n ní kó má wá mọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó béèrè owó ìdánidúró. Wọ́n ní: "Ta ló lé ọ? Ìwé rẹ ló parí." Ìyá náà wá bi wá pé: "Ṣé ọdún márùn-ún ò já mọ́ nǹkankan ni?"

Ìbéèrè ńlá ni. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

Ìwé iṣẹ́ méjì ló wọ́pọ̀ nílùú wa. Èyí tí wọ́n ń pè ní CDI kò ní ọjọ́ ìparí. Bí ọ̀gá bá fẹ́ dá ẹni tó ní CDI dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó tọ́, kó kọ ìdí náà sínú ìwé, kó sì fún un ní àkókò ìkìlọ̀ ṣáájú. Èkejì ni CDD. Èyí ní ọjọ́ ìparí. Tí ọjọ́ yẹn bá pé, ó pé náà nìyẹn. Ọ̀gá ò ní láti sọ ìdí kankan. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, kò lè kàn dédé já a, àfi tí òṣìṣẹ́ bá ṣe àṣìṣe tó wúwo, tàbí tí àwọn méjèèjì bá jọ gbà, tàbí tí ohun tó ju agbára ẹ̀dá lọ bá ṣẹlẹ̀.

Òfin iṣẹ́ ọdún 1998 ní kí CDD má ju ọdún méjì lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì lè tún un ṣe. Ìyẹn ni pé ọ̀gá ò lè máa fi ìwé kéékèèké di ènìyàn mú títí láé. Òfin 2017-05 tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló yí i padà. Láti ìgbà náà, wọ́n lè tún CDD ṣe iye ìgbà tó bá wù wọ́n. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: iye ọdún tí ẹ lò lẹ́nu iṣẹ́ nìkan kò lè sọ CDD yín di CDI mọ́.

Òfin kan náà tún ní nǹkan mìíràn. Tẹ́lẹ̀, bí ọ̀gá bá lé òṣìṣẹ́ láìtọ́, adájọ́ ló máa wo bí ìyà náà ṣe pọ̀ tó kó tó sọ iye owó ìtanràn. Ní báyìí, òfin ti fi ààlà sí i: kò gbọ́dọ̀ dín ní owó oṣù mẹ́ta, kò sì gbọ́dọ̀ ju owó oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin ní Benin jẹ́ 52.000 fáráńkì láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tí wọ́n lé láìtọ́, owó ìtanràn rẹ̀ á wà láàárín 156.000 àti 468.000. Ì báà lo ọdún ogún níbẹ̀, kò lè kọjá ibẹ̀.

Kí ló dé tí ìjọba fi ṣe é? Wọ́n ní bí ọ̀gá bá ń bẹ̀rù pé òun ò ní lè dá ènìyàn dúró, kò ní gba ènìyàn síṣẹ́ rárá. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní tiwọn sọ pé ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun á níṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀ ò lè kọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè la ẹnu sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ. Lọ́dún 2018, òfin mìíràn tún dín ìyanṣẹ́lódì kù: ọjọ́ méjì lóṣù, ọjọ́ méje láàárín oṣù mẹ́fà, ọjọ́ mẹ́wàá lọ́dún. Torí náà, ìwé tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ti wá di apata rẹ̀.

Kí wá ni kí á ṣe?

Àkọ́kọ́, ẹ má tẹ̀ka sí ohun tí ẹ ò mọ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ ọ kó kà á fún yín. Ẹ wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, iye owó. Ẹ wo orúkọ ọ̀gá tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí nígbà mìíràn, ilé-iṣẹ́ tó ń báni wá òṣìṣẹ́ ni ọ̀gá yín nínú ìwé, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan lọ sílé.

Ìkejì, bí wọn ò bá fún yín níwèé rárá, ẹ má rò pé ẹ ti pàdánù. A kì í fi ẹnu lásán ṣe CDD. Èyí tí wọn ò kọ sílẹ̀, CDI ni òfin kà á sí. Ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù yín, kí ẹ sì rántí àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, torí àwọn ni ẹlẹ́rìí yín.

Ìkẹta, ẹ béèrè nọ́ńbà CNSS yín. Nínú ọgọ́rùn-ún fáráńkì, 3,6 ni wọ́n ń yọ lára owó òṣìṣẹ́, lórí 52.000, ó jẹ́ 1.872 lóṣù. Ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ kún un. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì CNSS fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá owó náà ń débẹ̀. Oṣù 180 ni wọ́n ń kà kí ènìyàn tó lè gba owó ìfẹ̀yìntì lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Oṣù tí wọn ò san, ẹ lè má rí i kà lọ́jọ́ ogbó.

Ìkẹrin, ẹ̀yin aboyún, ọ̀sẹ̀ 14 ni ìsinmi ìbímọ yín. Ọ̀gá ò gbọdọ̀ torí oyún lé yín.

Ìkarùn-ún, bí ìjà bá dé, ẹ tètè lọ sí Inspection du Travail. Wọn kì í gbowó. Wọ́n á pe ọ̀gá, wọ́n á gbìyànjú láti parí ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá parí, wọ́n á kọ ìwé tí ẹ máa gbé lọ sílé ẹjọ́. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé pé ẹ ti gba gbogbo owó yín tán nígbà tí ẹ ò tíì kà á. Kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́; dandan ni fún ọ̀gá láti fún yín. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá wa. A sọ òtítọ́ fún un pé ọdún márùn-ún nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n a bi í pé: "Ìyá, ìwé márààrún dà?" Nígbà tí ọmọ náà wá a jáde, ó rí i pé láàárín ìwé kẹta àti ìkẹrin, òun fi oṣù méjì ṣiṣẹ́ láìsí ìwé kankan. A ní kó kó gbogbo rẹ̀ lọ bá Inspection, torí ọ̀rọ̀ lè wà nínú oṣù méjì yẹn. Ká ní ó ti da àwọn ìwé náà nù, kò ní rí ohun tó máa fi hàn.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa láti Togo, òfin tiyín yàtọ̀. Òfin iṣẹ́ oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ẹ ń lò, owó oṣù tó kéré jù lọ́dọ̀ yín sì jẹ́ 52.500. Ẹ béèrè ní Inspection tó sún mọ́ yín.

Ohun tí ẹgbẹ́ olùgbọ́ máa jíròrò lẹ́yìn ètò: Ta ló ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ oṣù láàárín wa? Irú ìwé wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ló tọ́jú rẹ̀ sí? Ta ló gbọ́ Faransé lábúlé wa tó lè máa ka ìwé iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i?